Báwo ni mo ṣe lè ta G7 alt (kọ́ọ̀dù G7 tí a yí àwọn ohùn kan nínú rẹ̀ padà) lórí steel guitar tí a tún okùn rẹ̀ ṣe sí kọ́ọ̀dù C6 nínú ẹgbẹ́ jùjú wa ní Òṣogbo?
Ẹ má tíì yí irin tí ẹ fi ń tẹ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Tí okùn yín bá jẹ́ C, E, G, A, C, E, láti orí èyí tó nípọn jù, ẹ gbé irin lé ìlà (fret) 13 tààrà, kí béèsì di G mú. D♭, F, A♭ àti B♭ ló máa dún: tí a bá kà wọ́n láti G, ♭5, 7, ♭9 àti ♯9 nìyẹn! Ẹ fà á padà sí ìlà 12, ẹ ti dé C. Ó dùn gan-an.

B, ohùn kẹta G7, nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹ lè fún gìtá kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yí imú irin sápá orí gìtá, okùn kẹta (èyí tó tín-ín-rín jù ni okùn kìíní) ní ìlà 14, okùn kìíní ní 13: B àti F. Etí ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe, kì í ṣe ojú.

Ìlú tí wọ́n bí King Sunny Adé sí lẹ wà, ẹ tẹ́tí sí steel guitar inú orin rẹ̀ dáadáa.