Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Iṣẹ́ àwọn adẹ́rùbani nínú ilé ẹ̀rù

Nígbà tí mo mẹ́nu bà á lójú ìwé yìí lóṣù tó kọjá pé mo fi ìgbà Halloween (ọdún tí wọ́n ń múra bí iwin ní ìparí oṣù Kẹwàá) mẹ́ta ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹ̀rù kan ní Amẹ́ríkà, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò mú lẹ́tà wá tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń sọ, ilé ẹ̀rù ni ilé tí wọ́n fi òkú onírọ́bà, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá àti òkùnkùn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹwàá, tí àwọn ènìyàn ń sanwó wọ̀, tí àwa òṣèré sì ń yọ sí wọn lójijì. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gba iṣẹ́ adẹ́rùbani lọ́dún yìí, wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo kéré lára, ohùn mi kò sì ròkè. Ta ni yóò rí irú mi tí yóò bẹ̀rù? Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà níbí. — T. A., Atlanta*

Àbúrò mi, gbólóhùn tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè kó ọ sí wàhálà. Ẹni tó ń fi físà F-1 kàwé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láìgba àṣẹ. Nínú ọgbà náà gan-an, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ díẹ̀ yìí kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ pàdánù físà. Lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí o tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé ọ̀fẹ́ ni o máa ṣe é, béèrè ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ara kékeré, mo rò pé irú yín ni iṣẹ́ náà yẹ jù. Géńdé tó ga bí òpó tí wọ́n gbé ìbòjú lé lójú, òkèèrè ni àlejò ti ń rí i, wọn á sì ti múra sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó lè ká ara rẹ̀ kò sínú àpótí tàbí kó lúgọ sábẹ́ tábìlì, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò, òun ló ń mú wọn láìrò tẹ́lẹ̀. Ohùn náà kò ṣòro. Agolo tí wọ́n kó owó ẹyọ díẹ̀ sí, tí o mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹni tó rò pé òun dá wà, ó ń ṣe ju igbe lọ. Ní Knott's Scary Farm, eré ẹ̀rù Halloween kan ní California tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, àwọn kan wà tí wọ́n ń de irin mọ́ orúnkún àti ìbọ̀wọ́, tí wọ́n á sáré tete, tí wọ́n á sì fi orúnkún yọ̀ lórí ilẹ̀ títí dé iwájú àlejò. Ariwo irin lórí kọnkéré àti iná tó ń ta pàrà ti sọ gbogbo ohun tí ẹnu ìbá sọ.

Ohun tó ṣòro ni mímọ àsìkò. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n fi mí sí, níbi tí fèrèsé pátákó kan wà tó ń já wálẹ̀ bí mo bá ti tú ìkọ́ rẹ̀. Ní òdìkejì fèrèsé náà, wọ́n tẹ́ òkú onírọ́bà kan sórí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa fa ojú àwọn ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, bí mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, mo tú ìkọ́. Ọkùnrin tó wà níwájú ta gìrì, ó fi ẹ̀yìn rìn lu ìyàwó rẹ̀, ìyàwó lu àwọn tó tẹ̀lé e, bàtà ẹnìkan já, gbogbo wọn sì há sẹ́nu ọ̀nà títí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi bá wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì rí fèrèsé mi ní ṣíṣí sílẹ̀. Ọ̀gá wa kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan, kí n má fọwọ́ kan ìkọ́ náà, kí n kàn máa ka ẹsẹ̀ láti ibi tí ògiri ti sán.

Inú wákàtí yẹn ni iṣẹ́ náà ti yé mi. Ẹni iwájú tó bá bẹ̀rù á sá sẹ́yìn, ọ̀nà á sì dí. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ kí ẹni kìíní àti ẹni kejì kọjá, tí o wá yọ sí ẹni kẹta, iwájú ni gbogbo wọn yóò sá sí, níbi tí adẹ́rùbani mìíràn ti ń dúró dè wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún wa pé kí a máa fi ẹ̀rù lé ènìyàn síwájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti ké, padà sínú òkùnkùn rẹ kíákíá. Ẹni tó bá dúró pẹ́ lójú wọn, wọn á rí i pé rọ́bà ni, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí o bá rí ẹni tó ti jókòó sílẹ̀, tó ń sunkún tàbí tó bo ojú pátápátá, onítọ̀hún ti kúrò nínú eré. Fi í sílẹ̀, kí o sì pe ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Inú ikùn ni kí o ti máa ké, má ṣe fún ọ̀fun. Omi ni kí o sì máa mu. Alẹ́ kejì ni ohùn tèmi há.

*Ọmọkùnrin mi tó wà ní Philadelphia fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ó kun ojú bí òkú, ó ní iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kò yàtọ̀ sí eégún. Èmi ní eré èṣù ni. Ẹ bá wa dá sí i. — Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn*

Mà, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú àníyàn. Kí Bàbá Ìbejì má bínú sí mi, ṣùgbọ́n eégún kọ́ nìyẹn. Ará ọ̀run ni à ń pe eégún. A máa ń kúnlẹ̀ fún un, ó máa ń súre fún wa, ìbẹ̀rù tí a sì ń bẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún ọmọ yín rí nínú aṣọ yẹn, bí wọ́n bá sì parí iṣẹ́ lóru, á bọ́jú, á sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ pízà.

Ohun tó sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìtàn wa, ọ̀tọ̀ ni. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ ṣètò àwọn ènìyàn tí yóò lé àwọn ìránṣẹ́ tí ọba rán ṣáájú lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé kúrò níbẹ̀. Abuké ni Baṣọ̀run rán, Alápìnni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, àwọn yòókù náà rán aràrá àti arọ, nítorí pé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ojú ayé ìgbà náà ń wò bí ẹni abàmì, èyí tí kò dára rárá. Lóru, wọ́n ń gbé iná kiri orí òkè, wọ́n ń ké pé, “Kò sí ààyè! Kò sí ààyè!” Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ náà, wọ́n sá padà. Ọba wá rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú gbogbo àwọn “ọ̀rọ̀” (ìyẹn iwin) náà láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Àwọn adẹ́rùbani Ìgbòho nìyẹn. Aṣọ, iná, igbe àti àsìkò kan náà ni ọmọ yín ń lò, àyàfi pé àwọn tí òun ń dẹ́rù bà ti san owó kí wọ́n tó wọlé.

Ní ti èṣù, Liberty University, tó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga onígbàgbọ́ ní Lynchburg, Virginia, bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀rù tirẹ̀ lọ́dún 1972, wọ́n pè é ní Scaremare, ìwàásù ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Ní Philadelphia tí ọmọ yín wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ Eastern State, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1829 tí wọ́n sì tì lọ́dún 1971, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ẹ̀rù lóru lọ́dún 1991 láti wá owó tí wọn yóò fi tọ́jú ilé náà kí ó má wó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá ó sì ń wọ aṣọ òtútù lọ síbi iṣẹ́. Oṣù Kẹwàá ìlú yẹn kì í ṣeré.

*Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìgégi lé mi nínú ilé ẹ̀rù, mo ṣubú, orúnkún mi bó. Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́? — Ọ̀gbẹ́ni kan, Houston*

Lọ́yà ni kí ẹ bi, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e púpọ̀. Ní San Diego, ọkùnrin kan rò pé òun ti jáde tán, àṣé ẹnu ọ̀nà ẹ̀tàn ni, ni oníẹ̀rọ ìgégi bá lé e, ó sáré, ó ṣubú, ó sì pe àwọn tó ni ibẹ̀ lẹ́jọ́. Lọ́dún 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn California dá a lẹ́bi, wọ́n ní ìbẹ̀rù àti sísá ni ohun tí ó sanwó fún. Ìdájọ́ California kò de Texas tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ó ń fi bí àwọn adájọ́ ṣe ń rò ó hàn. Wọ́n máa ń yọ ẹ̀wọ̀n eléyín kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ariwo rẹ̀ nìkan ló kù.

Iná ni èmi ń bẹ̀rù jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1984, ní ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags Great Adventure ní New Jersey, iná jó ilé ẹ̀rù kan tí wọ́n fi tírélà tò, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ sì kú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi síná níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń gbóòórùn èéfín. Lẹ́yìn náà ni òfin le, débi pé bí èéfín bá ti rú báyìí, iná ilé gbọ́dọ̀ tàn, ariwo eré sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀nà àbájáde sí kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ má sì tan láítà nínú òkùnkùn.

*Kí ló dé tí ènìyàn fi ń fowó ra ìpayà? — Abẹ́òkúta*

Àwọn onímọ̀ ní Denmark so ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ ènìyàn 110 nínú ilé ẹ̀rù kan, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2020. Wọ́n rí i pé ìbẹ̀rù tó kéré jù kò dùn mọ́ni, èyí tó pọ̀ jù náà kò dùn. Àárín ni adùn wà. Láti ẹ̀yìn fèrèsé mi, igbe ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín. Bí igbe bá ti dún tí n kò gbọ́ ẹ̀rín, mo máa ń rọra ṣí fèrèsé fún àwọn tó bá tún dé.