Èsì: Ǹjẹ́ òfin tábà kan àwọn ìyá wa tó ń lo aṣáà?

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin wa. Ẹ ní ṣé òfin tábà ti ìjọba àpapọ̀ kan àwọn ìyá wa tí kì í mu sìgá, ṣùgbọ́n tí aṣáà kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ó kàn wọ́n gan-an ni. Ìwádìí ọdún 2012 fi hàn pé, nínú 1,000 obìnrin àgbà ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 4 ló ń mu sìgá, nígbà tí nǹkan bíi 9 ń lo tábà tí kò ní èéfín.

Aṣáà, ìyẹn tábà gbígbẹ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ káún, tí ìyá àgbà ń fi ìka méjì bù sábẹ́ ètè, ń di bárakú, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu. Bí aboyún bá ń lò ó, ewu rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Òfin ọdún 2015 ka títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, kò sì fẹ́ kí irú tábà yìí kéré sí gíráàmù 30 nínú ọ̀rá kan. Síbẹ̀, ẹ wo ọjà wa: ọ̀rá tíńtín ni wọ́n ṣì ń tà. Lọ́dún 2018, ìjọba fi náírà 1 kún owó orí igi sìgá kọ̀ọ̀kan, àmọ́ aṣáà kò ní igi tí a lè kà, ìyẹn sì dùn mí.

Lójú tèmi, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aboyún máa dárúkọ aṣáà ní tààràtà, nítorí obìnrin tí wọ́n bá bi bóyá ó ń mu sìgá yóò ní rárá, òótọ́ ló sì sọ.