Páálí ìyá oníbọ̀ọ̀lì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ ya máàpù ìlú yín fún àlejò, ẹ sì fẹ́ tún gbàgede ọjà ṣe, ẹ wá ń béèrè sọ́fíwià tó dáa jù. Sọ́fíwià kọ́ ló máa dà yín láàmú o. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Abẹ́òkúta.

Máàpù tí mo kọ́kọ́ yà, àríwá ló wà lókè bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Ó rẹwà. A wá ri pátákó rẹ̀ mọ́ ibi tó jẹ́ pé gúúsù lẹni tó ń kà á kọjú sí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lóde, ọwọ́ òsì ló wà nínú máàpù. Obìnrin kan tó fẹ́ lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú kà á tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gba òdìkejì lọ. Èmi náà ni mo sáré lépa rẹ̀.

Àwọn pátákó atọ́nà tí wọ́n ń pè ní Legible London ní Lọ́ńdọ̀nù ti yanjú èyí láti 2007: ibi tí o bá kọjú sí ló máa wà lókè máàpù. Wọ́n tún fa òbìrípo ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú 5. A jí méjèèjì lò. Òbìrípo yẹn parọ́ fún wa, torí orí òkè la wà, àgàgà fún ẹni tó pọnmọ. A wá kọ ìṣẹ́jú àlọ lọ́tọ̀, a kọ ti àbọ̀ lọ́tọ̀.

Orúkọ òpópónà tí mo kó látinú ìwé, kò sí ọlọ́kadà kankan tó mọ̀ ọ́n. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan ló gbà mí. Ó mú èédú, ó tẹ́ páálí sílẹ̀. Kò kọ́kọ́ fa títì kankan. Ibi tí mọ́tò ti ń já èrò sílẹ̀ ló sàmì sí, ó kan igi ọdán, ó kan Gbọ̀ngàn Centenary tí wọ́n kọ́ sí Aké fún ìrántí 100 ọdún ìlú, kó tó wá so wọ́n pọ̀. Páálí yẹn ni máàpù wa dòní.

Ní ti gbàgede, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ní kí gbogbo òǹtajà kúrò kó lè mọ́. Mo gbà, mo sì kábàámọ̀. Kò pé oṣù kan tí ìdọ̀tí fi bo ibẹ̀, ṣebí àwọn òǹtajà yẹn ló ń gbá a láràárọ̀; àtùpà wọn náà niná tó wà níbẹ̀ lálẹ́. A bẹ̀ wọ́n padà. A ṣe bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi, kí ẹni tó jókòó jẹ bọ̀ọ̀lì lè máa rí pátákó lọ́ọ̀ọ́kán.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti lẹ bébà mọ́ ibi tí mo ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí: "Wọ́n ti tì í pa. Ẹ bi mí."