Bí orí ọ̀pá gọ́ọ̀fù onígi bá ń mì, ẹ má rì í sómi

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: mashie àtijọ́ kan (ọ̀pá gọ́ọ̀fù olórí irin) tí igi rẹ̀ jẹ́ híkọ́rì, orí irin rẹ̀ ti ń mì, ó sì ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fì í. Ẹnìkan ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó rì í sínú korobá omi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó wá kùn ún ní fánísì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé omi á mú un le. Igi á wú, orí á dúró gbọn-in, inú èèyàn á dùn. Ṣùgbọ́n ọrùn irin tó di igi mú kò ní wú pẹ̀lú rẹ̀. Níbi tí igi ti fẹ́ fẹ̀ tí irin ò gbà fún un, ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ fọ́ nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó bá gbẹ tán, á kéré ju bó ṣe wà kó tó wọ omi lọ. Ohun tó ń ṣe èèkù àáké tí wọ́n máa ń rì sómi nìyẹn: lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kò sí omi tó lè mú un dúró mọ́. Omi yẹn á sì tún jẹ ìṣó tó gba inú ọrùn irin kọjá, ìṣó tẹ́ ẹ ṣì máa fẹ́ yọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan igi náà lára. Ọdún 1929 ni R&A, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù nígbà náà, fàyè gba ọ̀pá irin, wọ́n sì fi nǹkan aláwọ̀ igi bo ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án.

Bó bá jẹ́ igi lóòótọ́, ìṣó lẹ ó kọ́kọ́ wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn irin jáde sí èkejì, ṣùgbọ́n ó máa ń fara pa mọ́ torí pé wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹ dọ́gba mọ́ irin. Ẹ fi kànìnkànìn onírin 0000 (èyí tó kúnná jù) àti epo díẹ̀ ra ọrùn náà, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí àmì róbótó kan, tó bí orí ìṣáná, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti irin tó yí i ká. Ẹ lẹ téèpù mọ́ irin àti igi, kẹ́ ẹ fa ìlà kan gba orí méjèèjì kọjá, kí orí lè padà síbi tó wà gẹ́lẹ́.

Ẹ gbé ọrùn náà lé pákó tẹ́ ẹ ti lu ihò sí kí ìṣó lè ríbi bọ́ sí. Ẹ fi irin róbótó tí ẹnu rẹ̀ tẹ́, tí kò tó mílímítà 3, lé e jáde pẹ̀lú òòlù kékeré. Bí kò bá gbọ́, ẹ yí i padà, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan lára àwọn ìṣó mìíràn fẹ̀ ju èkejì lọ. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ sàmì sáàárín rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ẹnu díríìlì mílímítà 2 lù ú. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Bí ihò bá fẹ̀, igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tín-ínrín, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá á sì ti ṣẹ́.

Ìṣó ti jáde? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná yá ọrùn irin, kì í ṣe igi, kí gúlù tàbí ọ̀dà àtijọ́ inú rẹ̀ lè yọ́. Ẹ fà á gbọọrọ. Lílọ́ ló máa ń ya igi.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú ọrùn náà, kẹ́ ẹ fi asítónì nù ún. Ní ti igi, gúlù àtijọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù dúdú kun inú ọrùn irin, ẹ ti igi wọlé láì fi gúlù sí i, ẹ fà á jáde. Ibi tó bá dúdú lára igi ni ibi tó ń kan irin. Bó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló dúdú, ìsàlẹ̀ ṣófo nìyẹn, ohun tó fà á tí orí fi ń mì nìyẹn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ sínú epoxy (gúlù líle oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀) lẹ ó fi wé ibi tó ṣófo.

Ẹ lo epoxy tó ń gba wákàtí 24 kó tó gan. Èyí tó ń gan ní ìṣẹ́jú 5 kì í fúnni láyè láti tọ́ orí sọ́nà, kò sì lágbára tó. Ẹ fi sára igi àti ògiri ọrùn irin, ẹ má da á kún inú rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó há sísàlẹ̀ á ti igi padà, ẹ ó sì rò pé ó ti wọlé tán. Ẹ wo ìlà orí téèpù, ẹ wo ọ̀pá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba ihò irin àtijọ́ lu igi, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n pàdé láàárín, kí igi má bàa ya. Ìṣó tuntun, irin rírọ̀ mílímítà 3, kó yọ nǹkan bíi mílímítà 1 síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òòlù tẹ orí méjèèjì, kẹ́ ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé yí ẹnu ọrùn ká. Bí fáìlì bá pa á rẹ́, kò sí ẹni tó lè dá a padà bó ṣe wà.

Ìdógùn-ún orí irin kò le: kẹrosíìnì, kànìnkànìn 0000, sùúrù. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ ìdán láéláé, ẹ má sì fi kúróòmù bò ó. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó rọ ọ́: pípù tábà jẹ́ ti Tom Stewart ní St Andrews, ọwọ́ jẹ́ ti George Nicoll ní Leven, ìràwọ̀ jẹ́ ti William Gibson ní Kinghorn, ilẹ̀ Scotland ni gbogbo wọn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí orí tó ń dán bíi dígí tí kò ní orúkọ mọ́.

Igi náà ò gbọdọ̀ rí sáńpépà. Ohun tí sáńpépà bá mú kúrò lára rẹ̀ ń dín agbára rẹ̀ kù, ó sì lè pa orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìdìmú rẹ́. Kànìnkànìn 0000 àti tápẹ́ńtáìnì tó. Lẹ́yìn náà, epo linseed sísè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ fi pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20, ẹ nu àṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó tún fi òmíràn. Àkísà tẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ síta gbangba. Bẹ́ ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná.

Bí igi bá tẹ̀, ẹ yá ibi tó tẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ ò fi lè pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sódì kọjá ibi tó yẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ dì í mú títí yóò fi tutù. Níbi tí ìlà ara igi bá ti ṣẹ́rí jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dánwò. Á ṣẹ́.

Ní ti awọ ìdìmú, ẹ tú ti àtijọ́ pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ fi òkùn wọn gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gé aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò bó bá ṣì dára, òun ló jẹ́ kí ìdìmú kún ọwọ́. Láti òkè lẹ ó ti máa wé awọ tuntun bọ̀ nísàlẹ̀, etí kó kan etí, kó má gun ara wọn. Ìṣó kékeré kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi òwú ọ̀gbọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ìda oyin pa dè é. Ẹ tẹ́ òwú tẹ́ ẹ ká po sábẹ́ ìdè náà. Bẹ́ ẹ bá dé ìparí, ẹ ki ẹnu òwú bọ ojú ibi tó ká po náà, ẹ fà á wọ abẹ́ ìdè, kẹ́ ẹ gé àjẹkù. Kò ní sí kókó kankan níta.

Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ di ìdìmú mú létí yín, kẹ́ ẹ fi ìka kan orí irin náà. Ohùn kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ méjì, epoxy ò tíì dé ìsàlẹ̀, ẹ yọ ìṣó kẹ́ ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó fi gbá bọ́ọ̀lù kankan.