Aago Mélòó Ni Wọ́n Jẹ Ẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta písà ní ègé-ègé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín ìgboro. Kò sí àga, kò sí tábìlì. Ẹni tó bá rà á, á gbé e lọ tàbí kó dúró síta jẹ ẹ́. Ọdún kejì wa rèé. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi jókòó, ó kó gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí ìwé, ó lé ní ọgọ́ta. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ẹnì kan ní òun ò tíì jẹ irú ègé wa rí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní bí ẹní ń jẹ awọ bàtà ni. Ọ̀kan ní abẹ́ rẹ̀ jóná, òmíràn ní ó rọ̀ bí àkísà tó bọ́ sómi. Wọ́n ní òróró pọ̀ jù, wọ́n tún ní ó gbẹ jù. Ẹnì kan tilẹ̀ fún wa ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún nítorí pé òjò pa á lórí ìlà! Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ṣé kí n pààrọ̀ ìyẹ̀fun ni, àbí kí n pààrọ̀ ọmọ tó ń dúró nídìí ààrò?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nídìí ààrò ẹ̀ ná. Kí n tó máa kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró lẹ́yìn kántà bíi tìrẹ, ilẹ̀kùn ààrò sì fi àpá sí mi lápá ọ̀tún títí dòní. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, ohun tí mo ń wá ni ohun tí o kò kọ síbẹ̀: aago mélòó ni olúkúlùkù wọn jẹ tiẹ̀?

Odidi písà tí wọ́n yọ nínú ààrò fún oníbàárà, ẹ̀ẹ̀kan ló rí iná. Ègé ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni. A yan án, a gé e, ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ìgbà tí ẹnì kan bá nàka sí i ni a tó dá a padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Àárín iná àkọ́kọ́ àti iná kejì yẹn ni púpọ̀ nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń rò mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ti wá.

Àwọn ará Naples nílẹ̀ Ítálì kò ní wàhálà yìí. Ààrò tiwọn máa ń gbóná tó nǹkan bí 485°C, láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni písà ti jáde, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí ni UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé ní 2017. Ṣùgbọ́n gé irú písà bẹ́ẹ̀ sí mẹ́jọ kí o fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, wàá rí i pé àárín rẹ̀ ti rin gbindin. Ègé tí wọ́n ń tà ní New York, iná ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é fún: ooru tó rọjú díẹ̀, bíi 260°C sí 290°C, àkókò tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú ààrò, àti ṣíìsì tí omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Ní Rome ẹ̀wẹ̀, inú páànù gbọọrọ ni wọ́n ti ń yan án, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé e, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n sì ti ń tà á. Bí o bá ń po ìyẹ̀fun bíi ti Naples, tí o wá ń tò ó sẹ́yìn gíláàsì bíi ti New York, ibẹ̀ nìkan ni màá ti gbà kí o fọwọ́ kan ìyẹ̀fun.

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, bàbá kan wà tó máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó kọ ọ́ síta pé ègé wa le bí awọ. Inú bí ọ̀gá wa, ó ní bàbá náà ni kò léyín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin." Láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, aago méjìlá ọ̀sán ló ti máa ń tọ́ ọ wò, ìgbà tí èrò pọ̀, tí ègé kì í lo ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn gíláàsì. A jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin. Ọ̀gá gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Oríṣi mẹ́fà la máa ń tò láti àárọ̀ dalẹ́ kí ojú gíláàsì lè kún. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, oríṣi méjì péré ló kù, bí ó bá sì ku ègé mẹ́ta, a ó ti ju òmíràn sínú ààrò. Oníbàárà kan ráhùn pé gíláàsì wa ṣófo. Bàbá Ọjọ́bọ̀ kò ráhùn mọ́.

Ti ìlera náà ń bẹ níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní oúnjẹ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ fún títà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 63°C lọ. Bó bá wálẹ̀, wákàtí méjì ló ní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tìrẹ lè yàtọ̀, wádìí ohun tí òfin ibi tí o wà sọ. Ní ti adùn, ẹnu mi kì í dúró de wákàtí méjì. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, n ò ní fi ègé náà fún ọ̀rẹ́ mi.

Ní báyìí, ẹni tó ní ó jóná àti ẹni tó ní ó rọ̀. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ ààrò ni kí o dá lẹ́jọ́. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ fún wákàtí kan, òkúta á máa mu ooru ṣáá, písà àkọ́kọ́ tí o bá gbé lé e á dúdú lábẹ́ kí ṣíìsì tó yọ́. Nígbà tí èrò bá wá dé, tí o ń gbé wọn sí i léraléra lójú kan náà, òkúta á tutù. Òkè á ti jinná, abẹ́ á ṣì funfun. Ààrò kan náà, ọmọ kan náà, ọjọ́ kan náà. Kí ó máa pààrọ̀ ojú ibi tó ń gbé wọn lé, kí ó sì máa fún òkúta ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó mí. Èmi máa ń gbé abẹ́ písà sókè wò ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí ìlà dé títì, ọ̀gá a sì máa pariwo lé mi lórí.

Òróró pọ̀ àti ó gbẹ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni méjèèjì. Ṣíìsì tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀kejì máa ń tu ọ̀rá sílẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ kó tó padà sínú iná, omi ti lọ lára rẹ̀, yóò gan. Ti rírọ̀ ṣì ku ẹ̀ka kan: páálí. Ègé gbígbóná nínú páálí tí a pa dé ń mí èémí ara rẹ̀ ni, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá abẹ́ rẹ̀ ti rin. Tún àwọn ìwé yẹn kà, mo fẹ́ bá ọ ta á pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ ẹ́ níta ṣọ́ọ̀bù ló yìn ọ́, tí àwọn tó gbé e délé ń bú ọ. Fi páálí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan kí o tó pa á dé, tàbí kí o lo àpò ìwé. Kí o sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé e gbóná nílé, kí wọ́n fi sórí páànù gbígbẹ lórí iná kékeré. Màìkíróweefù ló ń sọ ọ́ di awọ.

Mú bírò kan. Kọ wákàtí sí etí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sábà dárúkọ aago, àmọ́ ẹnu wọn á tú u: "nígbà ìsinmi ọ̀sán", "mo ń ti ibiṣẹ́ bọ̀", "ká tó délé". Má jẹ́ kí ìyìn òru tàn ọ́ jẹ o! Ẹni tó ti òde ijó bọ̀ ní aago kan òru, tí kò tíì jẹun láti ọ̀sán, bí o bá fi iyọ̀ sórí páálí fún un yóò fún ọ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Tirẹ̀ kò wúlò fún ọ.

Òjò yẹn kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Ìlà ni kí o lọ wò.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń ra ègé písà níbì kan tí n ò ní dárúkọ. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí i pé ó ti kéré, ṣónṣó rẹ̀ sì ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ahọ́n ajá, gbogbo orí rẹ̀ á máa yọ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ síta. Ẹni tó ni ibẹ̀ dá mi lóhùn lójú gbogbo ayé pé mẹ́jọ làwọn ń gé e tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ náà làwọn ṣì ń gé, kí n lọ wo ojú mi. Ṣé ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì ni?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ní mẹ́jọ. Kò sọ mẹ́jọ nínú kí ni. Písà tó fẹ̀ ní íǹṣì 18 láti etí kan dé ìkejì, gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì onígun mẹ́rin 254. Èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 16 jẹ́ 201. Pín wọn sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ègé kan á bọ́ láti nǹkan bí 32 sí 25. Íǹṣì méjì péré ni wọ́n gé kúrò lára fífẹ̀ rẹ̀, ó sì lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ègé yín tó bá a lọ.

N ò sọ pé ohun tó ṣe nìyẹn o. Ẹ mú tépù tí àwọn aránṣọ fi ń wọnṣọ lọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ṣónṣó dé etí. Bó bá jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án, ti 18 ni. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ti 16 ni. Iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ síta, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí ẹ rà á. Bí ẹ bá kọ pé "ó ti kéré", ẹ ti ṣílẹ̀kùn àríyànjiyàn fún un. Bí ẹ bá kọ pé "íǹṣì mẹ́jọ", kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ lọ wo ojú yín. Kò sì burú kí olóúnjẹ dín ègé kù bí ọjà bá wọ́n. Àìsọ ọ́ ló dun èmi, àti ẹnu tó fi dá àgbà lóhùn.

Ti ṣónṣó tó ń tẹ̀, ẹ ṣẹ́ ègé náà po díẹ̀ láàárín, ní gígùn, bí ẹní fẹ́ pa ìwé dé. Ohun tó bá ti ká ní ìhà kan kò ní lè tẹ̀ ní ìhà kejì mọ́ bí kò bá nà tàbí kó ya. Ará Jámánì tí ń jẹ́ Gauss ló fi ìṣirò rẹ̀ hàn ní 1827, kò sì ronú kan písà rárá. Bí ó bá ṣì ń tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ kò jinná. Ẹ kọ ìyẹn náà síta.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí mi, ègé písà ni èmi àti ọkọ mi náà ń tà. Ìràwọ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ ni a ní. Àbúrò ọkọ mi ní òun mọ ẹnì kan tó máa bá wa kọ ìyìn ọgbọ̀n láàárín ọjọ́ mẹ́ta, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ mi ti fẹ́ gbà. Ṣé kò burú?

ÌDÁHÙN

Ó burú. Mo mọ ohun tó ń wọ̀ wọ́n lójú. Michael Luca, olùkọ́ ní yunifásítì Harvard nígbà náà, yẹ ìwé owó àwọn ilé oúnjẹ ní ìlú Seattle wò ní 2011, ó rí i pé bí ìràwọ̀ kan bá lé lórí Yelp, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé oúnjẹ, owó tó ń wọlé fún ilé oúnjẹ aládàáni á fi nǹkan bí ìdá 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Àwọn tí ẹ̀ka wọn kún ibi gbogbo kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ti mọ bí oúnjẹ wọn ṣe rí. Ẹ̀yin kékeré ni ìràwọ̀ ń gbè, ẹ̀yin náà ló sì ń pa.

Ṣùgbọ́n òfin ti dé sí i. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2024, ìjọba lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá ra ìyìn irọ́ tàbí tó tà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fòfin dè é láti oṣù kẹrin 2025. Kódà kí òfin má tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ wo ohun tí mo sọ fún aláàrò àkọ́kọ́ lókè. Àwọn ìwé yẹn ni yóò sọ fún un pé aago mẹ́rin ni ègé rẹ̀ ń di awọ, pé páálí ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá da ìyìn ọgbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò jẹun kọ sáàárín tiyín, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́? Ẹ ti sanwó láti fọ́ ojú ara yín nìyẹn.

Bí àbúrò ọkọ rẹ bá fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀, kó wá tò lórí ìlà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó sanwó, kó gbé ègé kan délé nínú páálí, kó jẹ ẹ́ tán. Kó wá sọ ohun tó bá ẹnu rẹ̀ pàdé fún ọkọ rẹ, láìfi ìkankan bò.