Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Onípọ́ǹpù: Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ tó ń wá agbára kún agbára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dodge Ram ọdún 1995 ni mo ń wà, oní-ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 5.9, fáàfù méjìlá, jíà mánúà. Tí mo bá so ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn tí mo sì dé ẹsẹ̀ òkè, ńṣe ló máa ń wọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ fuel plate inú pọ́ǹpù dànù, pé kíá ni agbára máa dé. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀? — Afàkẹ́rù

ÌDÁHÙN: Àbúrò, agbára á dé lóòótọ́. Èéfín á bá a dé, ooru á sì tẹ̀ lé èéfín. Ìdí tábìlì tí a fi ń wọn pọ́ǹpù ni mo ti ń jẹun, irú ọ̀rẹ́ rẹ yìí sì wà lára àwọn tó ń mú oúnjẹ wá fún mi.

Nínú pọ́ǹpù Bosch P7100 tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń sọ fún un pé epo tó, dúró níbẹ̀. Òun ni fuel plate. Dísù kò ní ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà bíi ti pẹtiróòlù àtijọ́. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá rí ló ń fà, iye epo tí a bá fọ́n sí i ló ń pinnu agbára rẹ̀. Bí epo bá wá ju ohun tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jó lọ, èyí tó ṣẹ́kù á di èéfín dúdú, iná á pẹ́ kó tó kú, ooru á sì kọjú sí pístìnnì àti tọ́ọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì. Àlùmíníọ̀mù ni pístìnnì. 660°C ni ògidì àlùmíníọ̀mù ń yọ́. Èyí tí wọ́n fi rọ pístìnnì ti máa ń rọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Òróró tí nọ́sù ń tú sí i lábẹ́ àti afẹ́fẹ́ tuntun tí ń wọlé ní gbogbo ìgbà ló ń kó o yọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, o lè yọ plate yẹn kí o má rí nǹkan kan. Àmọ́ òkè gígùn tó ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, tòun ti ẹrù lẹ́yìn, ibẹ̀ ni pístìnnì ti ń lu ihò.

Gééjì ni kí o kọ́kọ́ rà. Méjì ni: ọ̀kan fún ooru èéfín, kí wọ́n lu ojú rẹ̀ sára mánífóòdù kí èéfín tó dé tọ́ọ́bò, ọ̀kan fún ìfẹ́ tọ́ọ́bò, ìyẹn agbára tó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́. 1,250°F, ìyẹn nǹkan bí 677°C, ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ṣe ààlà. Tó bá ti fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, gbé ẹsẹ̀, kí o pa jíà sílẹ̀.

Nígbà náà ni kí o wá wo ohun tí ọjọ́ orí ti jí gbé. Pààrọ̀ fíltà epo. Wo fáàfù tí epo ń gbà padà sí táńkì, sípíríńgì inú rẹ̀ máa ń gọ̀, epo á wá máa sá lọ, pọ́ǹpù á máa pebi. Wo gbogbo họ́ọ̀sì tó ti ara tọ́ọ́bò lọ sí intercooler, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jò kò ní pariwo tó bí o ṣe rò. Wọn àlàfo fáàfù: 0.010 ínṣì fún èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.020 fún ti èéfín. Mo ti rí ọkọ̀ tó gba ìwọ̀nyí nìkan tó sì gun òkè, ẹni tó ni ín kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ plate mọ́.

Pín kékeré kan tún wà nínú ilé jíà iwájú ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń rọra yọ jáde, bó bá já sáàárín àwọn jíà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Killer dowel pin ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí o kò bá tíì fi irin dí i lẹ́nu, má tíì náwó sórí agbára rárá.

Tó bá ku òkè díẹ̀ sí i lẹ́yìn gbogbo èyí, sún plate náà síwájú díẹ̀díẹ̀, má yọ ọ́. Jẹ́ kí AFC ṣiṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń fa epo sẹ́yìn títí tọ́ọ́bò yóò fi fẹ́ dáadáa. Ní 1996 ilé iṣẹ́ fúnra wọn gbé ẹ́ńjìnnì yìí kúrò ní agbára ẹṣin 175 lọ sí 215 fún mánúà, àmọ́ 180 péré ni wọ́n fún ọtomátíìkì. Jíà ni wọ́n ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìwọ náà máa bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé lórí klọ́ọ̀ṣì: òun ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, Mercedes 1113 mi ń lo ẹ́ńjìnnì OM352 tí kò ní tọ́ọ́bò. Wọ́n ní mo lè so ọ̀kan mọ́ ọn. Ṣé kò ní fọ́? — Bàbá Àgbà Lójú Títì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, sà. Mercedes ti ṣe é ṣáájú wa: OM352 lásán ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 130 wá, OM352A tó ní tọ́ọ́bò lé ní 150. Bí ẹ bá máa so tiyín, ìfẹ́ díẹ̀ ni kó jẹ́, psi méje tàbí mẹ́jọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo kún un lọ́jọ́ kan náà. Afẹ́fẹ́ yẹn nìkan á ti nu èéfín rẹ̀ nù. Tó bá jẹ́ ibi gíga lẹ ti ń wà á, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀ jù.

Họ́ọ̀sì òróró ni kí ẹ dúró ti mẹkáníìkì lé lórí. Èyí tó ń dá òróró padà láti inú tọ́ọ́bò gbọ́dọ̀ tóbi, kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kó sì wọlé lókè ibi tí òróró inú ẹ́ńjìnnì dé. Tó bá há, tọ́ọ́bò á máa mu òróró, wọ́n á ní ayédèrú ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń ta chip kan tó ń fi agbára kún dísù. Pọ́ǹpù mi kò ní wáyà kankan. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? — Oníyèméjì

ÌDÁHÙN: Ibo lo fẹ́ kì í bọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Mo pààrọ̀ táyà ínṣì 31 sí 35. Láti ìgbà náà ọkọ̀ mi di ọ̀lẹ. Pọ́ǹpù ni àbí tọ́ọ́bò? — Onítáyà Ńlá

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó ṣẹ̀ ọ́ nínú wọn. Táyà yẹn ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, ó sì ti bá ọ ba ìṣirò jíà ẹ̀yìn jẹ́. Tó bá jẹ́ jíà 3.54 ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, 4.10 ni kí o wá. Kí wọ́n tún gééjì eré ṣe pẹ̀lú, nítorí o ti ń sáré ju ohun tó ń sọ fún ọ lọ.