Dókítà ló ń dájọ́ dókítà: ṣé ìwé ẹ̀sùn wa lè já mọ́ nǹkan kan?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè yọ kókó tó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó jí ni wọ́n sọ fún un pé àwọn ti yọ ilé ọmọ náà pátá. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un títí di òní. Àwọn èèyàn ní ká kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà ló kún ibẹ̀. Ṣé wọn ò ní bo ara wọn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí àbúrò yín kú ìrọ́jú.

Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ rí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1858 ló dá General Medical Council, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ibẹ̀ níwèé àṣẹ, sílẹ̀, àwọn dókítà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1976, ilé ẹjọ́ dá dókítà kan tó ń jẹ́ Harold Shipman lẹ́bi pé ó ń fi ayédèrú ìwé oògùn gba pethidine, oògùn apàrora tó lè di bárakú, fún ara rẹ̀. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ni ìgbìmọ̀ kọ sí i, wọn ò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó pa 15 nínú àwọn aláìsàn rẹ̀, ìwádìí tó sì tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn tó pa lé ní 200. Nínú ìròyìn tí adájọ́ tó ṣe ìwádìí náà, Janet Smith, gbé jáde ní 2004, ó sọ ọ́ gbangba pé ire àwọn dókítà ni ìgbìmọ̀ náà ń wá ju ààbò aláìsàn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí nǹkan padà níbẹ̀. Láti 2008, kò di dandan mọ́ kí ẹ̀rí ṣe kedere láìsí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kí wọ́n tó lè dá dókítà lẹ́bi. Bí ó bá hàn pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tó. Láti 2009, ìdajì àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kì í ṣe dókítà. Ní 2012, wọ́n ya àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń wádìí ẹ̀sùn. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti ṣe tó báyìí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn wo ló jókòó sí ìgbìmọ̀ tiyín, àti bóyá a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tako ìdájọ́ wọn.

Síbẹ̀, lójú tèmi, orí àga ìdájọ́ kọ́ ni dókítà ti ń bo dókítà jù. Inú wọ́ọ̀dù ni, kí ẹnikẹ́ni tó kọ̀wé rárá. Ní Bristol, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Bolsin, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, rí i pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ń kú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 1990. Ọdún gorí ọdún, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ò gbọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kó lọ sí Ọsirélíà níkẹyìn. Ìwádìí tó jáde ní 2001 sọ pé láàárín 1991 sí 1995, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó nǹkan bí 30 sí 35 ló kú tí wọn ì bá má kú ká ní ibòmíràn ni wọ́n ti tọ́jú wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Iṣẹ́ tó bá ní òun ló máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ìyẹn ni ìwé yín ṣe ṣe pàtàkì.

Ẹ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe o. Wọ́n lè kìlọ̀ fún dókítà, wọ́n lè fi àbójútó dè é, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá. Owó gbà-má-bínú fún àbúrò yín kò sí lọ́wọ́ wọn, ilé ẹjọ́ ló ni ìyẹn. Àlàyé àti ẹ̀bẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ni ká ti kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Ó ku ibi tó ṣòro. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin lórí tábìlì, tí kò dáwọ́ dúró, oníṣẹ́ abẹ lè yọ ilé ọmọ kí ẹ̀mí má bàa bọ́, kò sì sí ọgbọ́n láti jí i béèrè. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ̀ ṣáájú pé ewu yìí wà nínú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ kó tó fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn tó jí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n jókòó tì í. Àìsọ yìí lẹ̀sùn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú gbé yín kọjá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè ẹ̀dà fáìlì rẹ̀: ìwé tó fọwọ́ sí, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ, iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ pé ó dà. Nínú lẹ́tà, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ dókítà, ohun tí wọ́n sọ àti ẹni tó wà níbẹ̀, bó ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi falẹ̀, torí àwọn ìgbìmọ̀ kan kì í sábà gba ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ jù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún 5 sí i.

Kí ó sì jẹ́ pé àbúrò yín ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ti gbé e. Àṣírí ara rẹ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn, òun ló sì lè yọ̀ǹda kí ìgbìmọ̀ ṣí i wò. Bí kò bá tíì fẹ́, ẹ dúró dè é.